Fáìlì Jọmí Kò Ṣí

Fáìlì kan ṣoṣo ló kù lórí fláàṣì náà, òun náà sì kọ̀, kò ṣí.

Nehemiah Adébíyì tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó mọ̀ dájú pé ó wà nílé. Èsì tí kọ̀ǹpútà ti ń fún un láti àárọ̀ náà ló tún fún un: òun ò mọ fáìlì yìí, òun ò lè ṣí i.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i, Ìyá Babátọ́pẹ́," ló wí. "Àwòrán odindi ẹ́sítéètì kan. Gbogbo rẹ̀ pé síbí lọ́jọ́ Ẹtì. Òní ọjọ́ Ajé, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, wọ́n sì ti ba òun náà jẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni àwọn tó gbé ìdíje ayàwòrán-ilé yìí kalẹ̀ ò ní gba àwòrán ẹnikẹ́ni mọ́."

Obìnrin kan ló jókòó tì í. Mofìyìnfólúwa lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Babátọ́pẹ́ ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọ̀daràn tó mú nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní orúkọ mìíràn fún un, tí kò ṣeé kọ síbí. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òun àti ìyàwó Adébíyì ni wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìdí nìyẹn tí Adébíyì fi pè é wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Jahi, l'Ábújá, kí ó tó pe ọlọ́pàá tó ṣì wọṣọ.

"Ta lẹ fura sí, Bàbá Jọmí?" ló bi Adébíyì.

"Mi ò fura sẹ́nikẹ́ni. Mo mọ̀ ọ́n." Ó nàka sí yàrá kékeré onígíláàsì kan. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ń wolẹ̀. "Fẹ́yìsayọ̀ nìyẹn. Òun nìkan ló ń bá mi ṣiṣẹ́ àwòrán yẹn. Mo ti gba fóònù rẹ̀. Tí aago mẹ́rin bá lù tí àwòrán mi ò tíì jáde, ọlọ́pàá ló máa mú un kúrò lórí àga yẹn. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́!"

"Kí ló fẹ́ fi àwòrán yín ṣe?"

"Ó máa tà á fún Súnkànmí."

Bí ẹni tó já ewúro jẹ láìfọ̀ ló ṣe dárúkọ náà. Ìyá Babátọ́pẹ́ mọ ìtàn Súnkànmí, nítorí kò sẹ́ni tó bá Adébíyì jẹun rí tí kò mọ̀ ọ́n. Súnkànmí ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ l'Ábújá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú. Nígbà tó yá, Súnkànmí dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kugbo, ó kọ́lé kan, ó sì fi ẹnu ọ̀nà kan síwájú ilé náà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè mẹ́ta tó so pọ̀. Adébíyì ló kọ́kọ́ ya ẹnu ọ̀nà yẹn, fún ilé-ìwé kan ní Kàbà, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Súnkànmí kò tọrọ rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ náà, tí ọkọ̀ Adébíyì bá ń kọjá ní Kugbo, apá kejì títì ló máa ń wò títí ọkọ̀ á fi kọjá. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú, kò gbà kí àwòrán ìdíje kankan sun inú kọ̀ǹpútà mọ́jú. Orí fláàṣì ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Okùn kan tó ní ìkọ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru. Tó bá ti yọ fláàṣì lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ló máa ń fi kọ́.

"Ẹ bá mi pe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí.

Kenny ni wọ́n pè, ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òkè ilé náà. Kò tíì jókòó tó fi sọ ìdájọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, fáírọ́ọ̀sì ni."

"O ti rí fáírọ́ọ̀sì náà?"

"Rárá mà. Ohun tá ò bá ti mọ̀ là ń pè ní fáírọ́ọ̀sì."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí nìyẹn." Ó yí sí Adébíyì. "Bàbá Jọmí, olè wọlé yín. Ó kó gbogbo ẹrù, ó ku àga kan. Ó wá padà wọlé, ó kán ẹsẹ̀ àga náà, ó wá gbé e síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kó tó lọ. Ẹ ti rírú olè bẹ́ẹ̀ rí?"

"Ìkà ni!"

"Olè kì í ráyè ìkà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Kenny, ta ló sọ fún nǹkan yìí pé àwòrán ilé ni fáìlì tó kù yìí?"

"Ẹ wo àmì tó wà lára rẹ̀, Mọ́mì. Àmì AutoCAD tí àwọn ayàwòrán-ilé ń lò nìyẹn. Ẹ wá wo orúkọ rẹ̀: JOMI, lẹ́yìn náà dst. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá ti fi dst parí, AutoCAD ni kọ̀ǹpútà yìí máa gbé e fún."

"Ṣé ó máa ń kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ìparí orúkọ nìkan ló ń wò."

"Tí mo bá dé fìlà Bàbá Jọmí sórí òbúkọ ńkọ́?"

Kenny bú sẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà yìí á kí i ní káàárọ̀ sà."

Adébíyì kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Babátọ́pẹ́, aago ń lọ."

"Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ. Ṣé ẹ tún ní fáìlì dst mìíràn níbí, tó dá yín lójú pé tiyín ni?"

Ó ní i. Àwòrán ilé kan tó ti parí lọ́dún tó kọjá wà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, kò sí ẹni tó lè jí àwòrán rẹ̀. Ìyá Babátọ́pẹ́ ní kí Kenny má fi AutoCAD ṣí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí ó ṣí wọn bí ẹni ṣí ìwé lásán, kí ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti ọdún tó kọjá jáde: àmì rúdurùdu láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pé adìyẹ tẹ ìdáná tán ló wá rìn lórí ìwé. Èyí tí wọ́n ní ó bàjẹ́ jáde. Inú rẹ̀ náà rú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. LA, pẹ̀lú orúkọ JOMI níwájú rẹ̀. ST, pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. CO, pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré. Lẹ́yìn náà ló tò ó bí ó ṣe fẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, sókè àti sísàlẹ̀.

Ìyá Babátọ́pẹ́ wò ó títí. Ó wá fa ara rẹ̀ sẹ́yìn lórí àga.

"Fáìlì yìí ò bàjẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"Ohun tó bàjẹ́ kì í tò báyìí. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ bí òun ṣe fẹ̀ tó. Ara rẹ̀ le ju tèmi àti tiyín lọ, Bàbá Jọmí. Kì í kàn ṣe ọmọ ilé yìí ni. Ẹ jẹ́ n lọ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀."

Nígbà tó wọ yàrá onígíláàsì, Fẹ́yìsayọ̀ dìde, ó kúnlẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Karu ni. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Ìwọ lo pa àwòrán Bàbá rẹ́?"

"Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe èmi, mà."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Níbo lo gbà lọ látibí lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ọmọ náà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

"Ọ̀rẹ́kùnrin?"

"Háà! Rárá o, Mọ́mì." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Kí ló dé tó ò fẹ́ sọ?"

"Mo ti ṣèlérí fún ẹnìkan. Àti pé tí mo bá dárúkọ ẹni tí mo bá lọ, Bàbá ò ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ mi mọ́."

Orúkọ kan ṣoṣo ló ń di Adébíyì létí láyé. Ìyá Babátọ́pẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Súnkànmí ni?"

Fẹ́yìsayọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí Adébíyì ti lẹ etí mọ́ ọn. "Mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́? Ọmọ tó ń jẹun nílé mi! Tí ìyàwó mi ń pè ní àbúrò Jọmí!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà..."

"Má pè mí ní Bàbá!"

Ibẹ̀ ni fóònù ti ké nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀, ti Fẹ́yìsayọ̀ tó gbà ni. Ó yọ ọ́, ó ka orúkọ tó wà lójú rẹ̀ sókè: "Saeed Karmo." Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àǹtí Fẹ́yì!" Ohùn ọkùnrin kan gba yàrá. "Kai! Àtàárọ̀ ni mo ti ń bá nǹkan yìí jà. Ohun tí ẹ kó fún mi yìí, máṣíìnì mi ò mọ̀ ọ́n o! Mo ti ṣe é ṣe é, kò ṣí. Ẹ wá gbé e, mi ò lè rówó ra máṣíìnì mìíràn!"

"Ìwọ ta ni?" Adébíyì bú ramúramù. "Olè! Ta ló ní kó o ra àwòrán mi?"

Ẹni náà já fóònù.

"Ẹ ò gbọ́?" ni Adébíyì wí, ó ń mí gúlegúle. "Wọ́n ti tà á! Ẹni tó rà á ti ń ráhùn!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú Ìyá Babátọ́pẹ́. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a ṣiṣẹ́ rí mọ ẹ̀rín yẹn. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á lọ gbé bàtà wọn wọ̀.

"Bàbá Jọmí, ẹ jókòó. Ẹ̀yin gan-an lẹ ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wí. Ó ní ohun tí wọ́n fún òun kò ṣí. Àárọ̀ kan náà. Fáìlì kan kọ̀ fún yín ní Jahi, fáìlì kan kọ̀ fún un ní Karmo. Tí kọ́kọ́rọ́ mi ò bá ṣí ilé mi, tí kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò mi ò bá ṣí ilé tirẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ rò? Pé olè kán kọ́kọ́rọ́ méjèèjì?"

Ìyá Babátọ́pẹ́ yí sí ọmọbìnrin náà.

"Fẹ́yìsayọ̀, gbé apá ọ̀tún rẹ sókè."

Okùn òwú wúrà tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ etí ọwọ́ aṣọ ọmọ náà.

"Kí ló wà nínú báàgì?"

Fẹ́yìsayọ̀ wo Adébíyì, ó wo ilẹ̀, ó wá yọ ègé gọ́ọ̀mù funfun kan jáde, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ kí ọnà má baà sún kì. Wọ́n ti fi òwú rán ìlà mẹ́rin sí i lára: wúrà, búlúù, funfun àti àwọ̀ igi. Wọ́n ń wo èyí tó máa bá aṣọ mu ni.

"Àwọ̀ mẹ́rin," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí. "Kenny! Nọ́ńbà wo ló wà níwájú CO nínú fáìlì yẹn?"

Kenny sáré lọ, ó sáré bọ̀. "Mẹ́ta, Mọ́mì."

"CO yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ 'colour' ni, àwọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn máa yí òwú padà kó tó lo àwọ̀ mẹ́rin. Saeed yìí, oníṣẹ́ mọnogíráàmù ni, àbí? Irú àwọn tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sára agbádá."

Omijé ọmọ náà dà wàyí. "Ìyàwó yín ló ní kí n má sọ, sà. Agbádá ọjọ́ ìbí yín ni. Àádọ́rin ọdún yín lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo pe ìyàwó yín láàárọ̀ kí ẹ tó gba fóònù mi, wọ́n wà lábúlé ní Kàbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà. Ẹ̀gbọ́n Súnkànmí kàn gbé mi dé Karmo lọ́jọ́ Ẹtì ni. Mo fún Saeed ní fláàṣì, ó ní báàjì ilé-ìwé wà lọ́wọ́ òun, òun ò ní fi sí máṣíìnì títí di òní."

 Adébíyì jókòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń tètè sọ ẹrù tó bá ti gbé kalẹ̀.

"Kí ni ti agbádá nínú àwòrán tó sọnù? Fláàṣì mi ò kúrò lọ́rùn mi! Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni láti yọ ọ́. Ẹ bi í!"

"Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ bi," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ fi bí ẹ ṣe yọ ọ́ hàn mí."

Wọ́n jọ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Abẹ́ tábìlì ni àpótí kọ̀ǹpútà náà wà, ihò méjì tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀ sì wà níwájú rẹ̀, wọ́n fara kanra. Adébíyì ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni lọ́jọ́ náà, gbogbo ibẹ̀ ṣú, òun sì ti pẹ́ fún ìpàdé àdúrà. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó fa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó fi kọ́ ọrùn.

"Ẹ ò wò ó," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni mo fẹ́ wò? Fláàṣì mi ni!"

"Fẹ́yìsayọ̀, kí ló wà nínú ihò kejì?"

"Tèmi, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọnà tí Ẹ̀gbọ́n Súnkànmí fi ránṣẹ́ sórí rẹ̀ ni. Bàbá ló kọ́kọ́ jáde, mo wá yọ èyí tó kù."

"Báwo ni tìẹ ṣe rí?"

"Bíi tiwọn gẹ́lẹ́. Èyí tí wọ́n pín nígbà ìgbéyàwó Àǹtí Jọmí ni."

Kenny na ọwọ́ sí àpò. "Èmi náà ní i." Ó gbé fláàṣì funfun kan lé tábìlì, orúkọ Jọmílójú àti Tony wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà wúrà. Ìyá Babátọ́pẹ́ tú báàgì tirẹ̀ wò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó fi ṣe ìdè kọ́kọ́rọ́ náà kò yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó jẹ ìrẹsì ọjọ́ yẹn ló gbé ẹyọ kan lọ sílé.

"Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan," ni obìnrin náà wí. "Fáìlì tìrẹ, kí lo sọ ọ́?"

"JOMI, mà."

"JOMI ni tèmi!" ni Adébíyì kígbe. "Orúkọ ọmọ mi ni mo máa ń fún gbogbo àwòrán ìdíje. Orúkọ náà ń ṣe mí lóore. Kí ló dé tí ìwọ náà fi lò ó?"

Fẹ́yìsayọ̀ wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà ṣàjèjì. "Ti Bàbá Jọmí ni, sà. Ṣé kí n kọ Nehemiah síbẹ̀ gbàlàjà, bí ẹgbẹ́ mi?"

 Àtìgbà tí ọmọ náà ti wà nílé yẹn, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kéré sí Adébíyì pè é lórúkọ. Kenny gbé orí sókè. Ó ti ń wá nǹkan lórí fóònù rẹ̀.

"Mo ti rí i, Mọ́mì! Òótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe máṣíìnì ọnà ń fi dst parí orúkọ fáìlì, àwọn AutoCAD náà ń fi dst parí tiwọn. Wọn ò bá ara wọn tan rárá. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì."

"Bí ẹnìkan bímọ ní Kàbà, tí ẹlòmíràn bí tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, tí àwọn méjèèjì sọ ọmọ ní Ayọ̀," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí. "Kò burú. Ó ń burú tí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu géètì ilé-ìwé tó ń pe Ayọ̀, tó di ọmọ tó bá kọ́kọ́ dáhùn mú lọ sílé láìwojú rẹ̀. Bàbá Jọmí, ẹ múra. Karmo là ń lọ."

Ìyá Babátọ́pẹ́ ló wa ọkọ̀. Wọ́n gba Life Camp. Láti Jahi títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Karmo, Adébíyì ń sọ ọ́ pé tí òun ò bá fojú ara òun rí i, òun ò gbà. Fẹ́yìsayọ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú Kenny.

Ṣọ́ọ̀bù Saeed kò tóbi, máṣíìnì ọlọ́pọ̀ abẹ́rẹ́ kan ló sì gba ìdajì rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Saeed, ó ti pẹ́ l'Ábújá. Bó ṣe rí Fẹ́yìsayọ̀ ló ti nawọ́ mú agolo mílíìkì kan tó fi fláàṣì pamọ́ sí.

"Ẹ gbà á, ẹ gbà á! Bàbá kan tún bú mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ bíi ti kìnnìún tí eyín ń dùn."

"Èmi ni," ni Adébíyì wí.

"Ẹ káàsán sà," ni Saeed wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wọ́n ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà àgbélétan Saeed. JOMI jáde. Kenny pa àtẹ́wọ́: níbí, fáìlì ilé ti wọ aṣọ oníṣọnà, àmì abẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀, nítorí Saeed kò ní AutoCAD, ètò iṣẹ́ ọnà ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ̀. Gbogbo àwòrán yòókù sì tò tẹ̀lé e, ojú lé ojú, kò sí èyí tó sọnù. Adébíyì fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìjì. Ó yọ fláàṣì náà, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó yá, ká máa lọ."

"Ẹ dúró díẹ̀," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí. "Ẹ ní tẹ́ ẹ ò bá fojú rí i, ẹ ò gbà. Ó ku ìdajì ẹ̀rí." Ó mú fláàṣì tó ti Jahi wá, ó fún Saeed.

Saeed fi í sára máṣíìnì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọnà náà yọ lójú rẹ̀, ó na gọ́ọ̀mù sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò. Òwú wúrà tẹ̀ kọrọdọ, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Òṣùmàrè mẹ́ta tó so pọ̀.

Adébíyì ti gbẹ́sẹ̀ kan síta. Ó gbé e padà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé Kàbà ni. Kò sí ẹni tó dá a dúró mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àpótí kan, ó jókòó níwájú máṣíìnì náà. Abẹ́rẹ́ fi òwú àwọ̀ igi ṣe ilẹ̀kùn, ó fi funfun ṣe àtẹ̀gùn. Nígbẹ̀yìn ó sọ̀ sísàlẹ̀, ó sì fi búlúù kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀: *Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Jọmí.*

Máṣíìnì dúró.

"Ta ló ya èyí?" Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Súnkànmí, sà," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí àwọn kọ orúkọ yín síbẹ̀. Wọ́n ní ara ilé ti àwọn kọ́ ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ra ilé ò gbà. Àyà yín ni wọ́n ní kó wá wà."

Adébíyì fọwọ́ pa ọnà náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá fa ojú ro.

"Òpó àárín yìí tín-ín-rín jù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ fún ọmọ yẹn? Òpó àárín kì í tín-ín-rín!"

"Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe, sà," ni Ìyá Babátọ́pẹ́ wí. "Ẹ pè é."

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni." Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ṣé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Wọ́n ní tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, àwọn ò ní wá."

"Kó wá. Kó jókòó sẹ́yìn." Ó ronú sí i. "Kì í ṣe ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá kì í rí oúnjẹ jẹ. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí aṣọ yìí. Tó bá gbé e jáde, màá yanu."

Ó yanu kí wọ́n lè rí bó ṣe máa ṣe é.

Saeed mi orí. "Bàbá, ẹni tó rí ejò nìyẹn. Ẹ dín in kù."

Wọ́n dé Jahi kí aago mẹ́rin tó lù. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀. JOMI ṣí láìjanpata, àwòrán tò jáde lójú lójú, ó fi wọ́n ránṣẹ́, gbogbo wọn sì dúró tì í láìmí títí èsì fi wọlé pé wọ́n ti rí i gbà. Kenny hó yèè, ó gun òkè lọ sídìí iṣẹ́ tirẹ̀.

Adébíyì wo ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó wú ikọ́. Ó wo Ìyá Babátọ́pẹ́, ṣùgbọ́n àjà ilé ni ìyẹn ń wò, bí ẹni tí àjà wù láti rà.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi Fẹ́yìsayọ̀.

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí o kò jẹun láti àárọ̀?"

"Ẹ ní n ò gbọdọ̀ dìde lórí àga, sà."

Ìyá Babátọ́pẹ́ fi ìborùn bo ẹnu. Adébíyì wá bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, okùn tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í fọwọ́ kàn, ó gbé e lé ọwọ́ ọmọ náà.

"Bá mi yọ fláàṣì yẹn, kó o fi kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ ni kó máa gbé láti òní lọ." Ó ti ń lọ sídìí ilẹ̀kùn láti lọ wá oúnjẹ, kò wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa kó o tó yọ ọ́. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí kì í wò."